Ẹ̀rọ Ìgbọ́rin Alágbèéká Tí Kò Lè Ka Orúkọ Wa

Ní ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí mo parí ẹ̀kọ́ Yorùbá tí mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Midrand, ìyá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ ìgbọ́rin wo ni kí n rà fún ọmọ yìí, tí yóò lè máa fi gbọ́ oríkì àti ìjálá tí ẹ ń kọ́ wọn? Mi ò fẹ́ kó máa lo fóònù." Mo dá a lóhùn kíákíá pé èyí tí owó rẹ̀ bá ká ni kí ó rà, pé bákan náà ni gbogbo wọn. Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ kó jẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Irọ́ ni mo pa fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ nígbà náà pé irọ́ ni.

Èrò tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn níhìn-ín ni pé, fún olùkọ́ èdè, yíyan ẹ̀rọ ìgbọ́rin alágbèéká kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Bí yíyan ìwé kíkà fún kíláàsì ṣe jẹ́ ojúṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni èyí. Bí òǹtẹ̀wé kan bá gbé ìwé Yorùbá jáde láìsí àmì ohùn, láìsí àmì lábẹ́ ẹ àti ọ, gbogbo wa ni a ó pariwo. A ó rán an létí ìpàdé tí ìjọ C.M.S. ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ èdè Yorùbá. A ó rán an létí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. A ó sì dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ kékeré kan bá kọ orúkọ akéwì wa bí àmì ìbéèrè mẹ́ta àti àpótí òfìfo méjì, a ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, a ó ti íápíìsì bọ etí, a ó sì máa gbọ́ tiwa lọ. N kò rí ìdí tí a fi ń fi ọwọ́ líle mú ìwé, tí a sì ń fi ọwọ́ dẹngbẹrẹ mú ẹ̀rọ, nígbà tí ọmọ Yorùbá tí ń dàgbà ní ìdálẹ̀ ń rí orúkọ iṣẹ́ alohùn lójú ẹ̀rọ ju bí ó ti ń rí i nínú ìwé lọ.

Ibi tí mo wà ló jẹ́ kí n rí i. Midrand wà láàrin Johannesburg àti Pretoria. Halfway House ni wọ́n ń pe ojúkò rẹ̀ láti ayé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, orúkọ náà kò sì tíì parẹ́ lára pátákó. Gallagher, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gbogbo Áfíríkà fi ṣe ibùjókòó láti 2004, kò jìnnà sí wa. Ohun àgbékọ́tí ni àwọn aṣojú fi ń gbọ́ ògbufọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ náà, àgbékọ́tí ni tiwọn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ní ilé ẹ̀kọ́, isiZulu ni wọ́n fi ń ṣeré níta, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí ìyá àgbà lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ní àdúgbò, inú ẹ̀rọ ni yóò ti gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ náà ni àdúgbò rẹ̀.

Kì í sì ṣe Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ẹnì kan tí ó ń kọ́ni ní Tshivenda fi ẹ̀rọ tirẹ̀ hàn mí. Ḓ, ḽ, ṋ àti ṱ, àwọn lẹ́tà tí àmì wà lábẹ́ wọn bíi ti ẹ àti ọ wa, ti di àpótí òfìfo lójú rẹ̀. Tshivenda jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èdè ìjọba Gúúsù Áfíríkà; òfin ilẹ̀ yìí ti ọdún 1996 dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni kò mọ̀ ọ́n kà.

Ẹ má jẹ́ kí a rò pé ohun tuntun ni kí ẹ̀rọ máa pàṣẹ fún ẹnu. Nígbà tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin sínú rẹ́kọ́dù ní London ní 1922 fún ilé iṣẹ́ Zonophone, ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Bí orí olórin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, abẹ́rẹ́ ti dé òpin. Ìgbà tí àwo ńlá dé ni àwọn olórin wa tó rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Haruna Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Ebenezer Obey àti àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa fi odidi ojú kan àwo kọ orin tí a so mọ́ra láìdánudúró, kí onílù lè sọ tirẹ̀, kí a sì lè ki ẹni tí a ń kì débi baba ńlá rẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ èdè a máa pè é ní àwítúnwí. Àwa mọ̀ pé bí a bá gé e kúrú, ẹni tí a ń kì ni a gé.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tuntun dé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni Apple gbé iPod jáde, wọ́n sì fi ń yangàn pé ẹgbẹ̀rún orin ló wọ inú àpò ẹni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gígábáìtì 5 ni àyè inú rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ní ìwọ̀n MP3 tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà, orin kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí ń jẹ́ orin lójú ẹni tí ó ṣe é nìyẹn. Ojú àwo àpàlà kan ṣoṣo yóò jẹ àyè orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ni àwọn tí ń gbé àwo àtijọ́ wọ kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́ kí ó lè jọ ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gé e gan-an ni wàhálà wà. MP3 a máa fi ìdákẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin fáìlì. Ẹ̀rọ tí kò mọ bí a ti ń yọ ọ́ yóò dákẹ́ níbi tí olórin kò ti dákẹ́. Ẹni tí kò gbọ́ ìlù lè má kọ ibi ara sí i. Ṣùgbọ́n bí ìyáàlù bá wà láàrin gbólóhùn, ìdákẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá ti tó láti fi gbólóhùn méjì ṣe ọ̀kan tàbí ọ̀kan ṣe méjì. iPod fúnra rẹ̀ kò borí àbùkù yìí títí di 2006. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 2005, wọ́n ti ṣe èyí tí kò ní ojú rárá, tí wọ́n sì fi dída-orin-pọ̀ sọ lórúkọ. Mo ti rí ọmọ tí ó fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ oríkì orílẹ̀: ó gbọ́ ọmọ kí ó tó gbọ́ baba.

Síbẹ̀, èyí tí ó dùn mí jù kò hàn sí etí. Ní 1996 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àkọsílẹ̀ pélébé kan mọ́ ìdí fáìlì MP3, kí ẹ̀rọ lè mọ orúkọ orin àti ti olórin. ID3 ni wọ́n pè é. Báìtì 128 ni gbogbo rẹ̀: 30 fún orúkọ orin, 30 fún olórin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, títí ó fi kan báìtì kan ṣoṣo fún irúfẹ́ orin. Báìtì kan yẹn, nọ́ńbà ni. Nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí àkójọ irúfẹ́ orin 80 tí wọ́n ti tò kalẹ̀. Mo ka àkójọ náà láti òkè délẹ̀. Orin ijó Polka wà níbẹ̀. Ariwo lásán wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irúfẹ́ orin. Ẹ̀fẹ̀ àti ìdẹ́rìn-ín pa ń bẹ níbẹ̀. Jùjú kò sí. Àpàlà kò sí, sákárà kò sí, fújì kò sí, highlife kò sí. Mbaqanga tí wọ́n bí ní Johannesburg níhìn-ín kò sí. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún irú wa ni "Ethnic" tàbí "Tribal". Ìyẹn ni pé Rock rí ọ̀nà mélòó kan tí wọ́n pín in sí, gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà sì ń tò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ méjì tí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Báìtì 30 náà ńkọ́? Lẹ́tà e lásán gba báìtì 1. Nínú ìlànà UTF-8 tí ayé ń lò lónìí, ẹ̀ wa gba 5: mẹ́ta fún ẹ, méjì fún àmì ohùn orí rẹ̀, nítorí pé Unicode kò fún ẹ̀ ní ààyè gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, a ní láti tò ó pọ̀ ni. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mẹ́fà péré ti jẹ 30 tán. Òótọ́ ni pé ẹ̀dà kejì ID3 tú okùn yìí ní 1998, àti pé èyí tí ó jáde ní 2000 gba UTF-8 wọlé. N kò ní fi ẹ̀sùn ọdún 1996 kan ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ lónìí. Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án ni pé okùn ti tú láti ìgbà yẹn, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ó wà lórí àtẹ ṣì ń rìn bí ẹni tí wọ́n so. Àwọn mìíràn yóò gbé àmì ohùn sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò to gbogbo orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ẹ, Ọ àti Ṣ sí ẹ̀yìn Z, lẹ́tà tí a kò tilẹ̀ ní. Èyí tí ó burú jù ni èyí tí ó yọ gbogbo àmì kúrò pátápátá tí ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohun kan sọnù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ti di oko lójú rẹ̀. Kí olùkọ́ máa wá ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́wàá ìdí tí ìyàwó fi ń sunkún nítorí oko.

Àwọn kan yóò máa retí pé kí n sọ pé MP3 ń ba ohùn Yorùbá jẹ́. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù àtijọ́ tí ó ń gé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 300 Hz dànù kò dí wa lọ́wọ́ láti mọ ìyàtọ̀ láàrin igbá àti ìgbà. Ohùn ẹnìkan tí ń sọ̀rọ̀ tàbí tí ń sun ìjálá, bí a bá fi kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan pa á mọ́, yóò mọ́ létí; wákàtí kan rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 29 lọ, nígbà tí wákàtí kan inú CD jẹ́ nǹkan bí 635. Agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìró ọ̀pá lójú awọ ni ó máa ń fọ́nká bí ìwọ̀n bá kéré. Ẹni tí ó ń tọ́jú iṣẹ́ onílù, kí ó fi FLAC tàbí WAV pamọ́ sílé, kí ó máa gbé MP3 rìn. Ó tán. Àwọn tí ń lo odidi oṣù jiyàn lórí ìwọ̀n kílóbíìtì, tí wọn kò sì béèrè bóyá ẹ̀rọ lè kọ orúkọ ẹni tí ń kọrin, orí òrùlé ni wọ́n ń kùn nígbà tí ìpìlẹ̀ ń yìnrìn.

N ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà àti báìtì lásán ni mo ń sọ. Olùkọ́ mi kan, kí ó tó papò dà, fi páálí kásẹ́ẹ̀tì kan jíǹkí mi. Ó ti gba ohùn àwọn ọdẹ tí ń sun ìjálá àti àwọn tí ń sun rárà ní agbègbè Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára bébà inú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ni ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tí ó gba ohùn rẹ̀ sí, ìlú onítọ̀hún àti ọjọ́. Kí n tó kúrò nílé wá sí Midrand, mo kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan kí wọ́n bá mi sọ wọ́n di MP3. Nígbà tí mo padà dé, fáìlì 37 ni wọ́n kó fún mi. Orúkọ wọn ni Track 01 títí dé Track 37. Kásẹ́ẹ̀tì fúnra wọn wà nínú ọ̀rá kan, ìhòòhò. Wọ́n ti da bébà inú wọn nù nítorí pé ó ti gbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nídìí iṣẹ́ náà wò mí bí ẹni tí kò mọpẹ́ dá. Ó ní, "Bàbá, ohùn wọn ṣáà wà níbẹ̀."

Mo bínú sí i fún ọdún díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀rọ tí èmi náà ń gbé kiri nígbà náà, kò béèrè ju ohun tí ọmọkùnrin yẹn fún mi lọ. Kò sí ibi tí mo lè kọ ìlú sí. Kò sí ibi tí mo lè kọ orúkọ ẹni tí ó gba ohùn náà sí. Orúkọ ọdẹ gan-an, bí mo bá kọ ọ́ bí ó ti yẹ, yóò yọ sí mi bí wàláà tí ọmọdé fi ẹyín adìyẹ ya.

Àríyànjiyàn tí ó lágbára jù tí mo máa ń gbọ́ láti ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti di àná. Wọ́n ní Apple ti ṣíwọ́ iPod ní 2022, pé fóònù ń ṣe gbogbo rẹ̀, pé Spotify dé Gúúsù Áfíríkà ní 2018 ó sì dé Nàìjíríà ní 2021, pé ta ni ó tún ń ra ẹ̀rọ ìgbọ́rin. Mo gbà pé fóònù tí a kó fáìlì tiwa sí lè ṣe iṣẹ́ yìí, ó tilẹ̀ máa ń ka lẹ́tà wa dáadáa ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré lọ. Bí òbí bá ní òun yóò lo fóònù báyẹn, n kò bá a jà. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi orin tí a ń yá gbọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò orin tí ó wà lọ́wọ́ wa. Dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àjọ tí ń rí sí ìdíje òwò ní Gúúsù Áfíríkà gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá 2019, ó ní kí Vodacom, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Midrand wa níhìn-ín, àti MTN dín owó dátà kù. Ó sì fi hàn pé àwọn tálákà tí ń ra á díẹ̀díẹ̀ ni ń san owó tí ó pọ̀ jù lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn òbí tí ń gbé Ivory Park kò nílò kí àjọ kankan sọ ìyẹn fún wọn. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ohun tí ẹnì kan rò pé yóò tà. Àwọn ọdẹ inú páálí mi kò sí níbẹ̀, wọn kò sì ní í sí níbẹ̀. Bí a bá sì rí iṣẹ́ àgbà olórin kan níbẹ̀ lónìí, ọwọ́ ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ ni ó wà. Ó lè mú un kúrò ní ọ̀la láìbi wá. Ìyá tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi kò sì ṣi ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ó ní òun kò fẹ́ fóònù. Ọmọ tí ó ṣí fóònù láti gbọ́ rárà, rárà kọ́ ni yóò gbọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Sony àti FiiO àti àwọn mìíràn ṣì ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́rin títí di òní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kù sí bí a ó ti yàn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a má kọ́kọ́ béèrè iye gígábáìtì. Ẹ gbé káàdì kékeré kan lọ sí ọjà, ẹ kó fáìlì kan ṣoṣo sí i, ẹ sọ fáìlì náà ní orúkọ tí ó ní ẹ̀, ọ́ àti ṣ nínú, kí ẹ sì kọ orúkọ kan náà sínú ID3 rẹ̀. Ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù ti káàdì náà bọ ẹ̀rọ lójú yín. Bí orúkọ náà bá yọ bí a ti kọ ọ́, ẹ tó lè béèrè iye owó. Ẹ̀rọ tí Android wà nínú rẹ̀ sábà máa ń yege, àmọ́ owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ rí i pé ó lè gba ohùn sílẹ̀, nítorí ọmọ tí ń gbọ́ gbọ́dọ̀ lè dáhùn, ìyá àgbà sì lè wá kí wọn láti ilé nígbàkígbà. Ẹ wo bátìrì rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá wà ní ilẹ̀ yìí ní 2022 àti 2023, nígbà tí wọ́n ń pín iná lò ní wákàtí wákàtí, kò nílò àlàyé. Àwọ̀ rẹ̀ àti tínínrín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ kí ó yàn.

Fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀, Rockbox ń bẹ. Ní 2001 ni àwọn kan tí ìṣesí ẹ̀rọ Archos tí wọ́n rà kò tẹ́ lọ́rùn jókòó tí wọ́n kọ ètò tiwọn sí i, wọ́n sì fi tọrẹ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ àtijọ́, títí kan ọ̀pọ̀ iPod. Ó gba kí a fi fọ́ńtì tiwa sí i, ó sì lè máa ka orúkọ inú rẹ̀ síta fún afọ́jú. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kò tẹ́ wọn lọ́rùn ni, wọn kò sì ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni.

Níbo ni ẹnì kan nínú wa ti ṣe irú rẹ̀? Èyí ni ibi tí ẹ̀sùn mi yóò dùn wá. Mo ti gba fáìlì lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tí ó kọ́ mi ní àmì ohùn. Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ni "ijala1", "ijala2", "ijala2 tuntun" àti "ijala tuntun gidi". Ẹni tí kò ní fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì kan bí ó bá gbàgbé àmì lábẹ́ ṣ, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ iṣẹ́ ọdẹ àgbà ní "ijala2". A kò lè bínú sí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ní Ṣáínà pé kò kọ orúkọ tí àwa fúnra wa kò kọ.

Mo padà lọ bá ìyá yẹn. Mo tọrọ àforíjì, a sì jọ lọ sí ọjà pẹ̀lú káàdì mi. Ṣọ́ọ̀bù kẹta ni a ti rí èyí tí ó ka orúkọ náà. Ọmọdébìnrin tí ń tajà níbẹ̀ béèrè èdè wo ni, ó sì gbìyànjú láti pè é. Ní ti àwọn fáìlì 37 mi, mo ń gbé wọn fún àwọn àgbà gbọ́ nígbàkígbà tí mo bá dé ilé. Àwọn ọmọ ọdẹ kan ti dá ohùn baba wọn mọ̀. Mo ti kọ orúkọ sára 26, pẹ̀lú ìlú wọn. Mọ́kànlá tí ó kù ṣì ń jẹ́ Track.